Bí ẹ ṣe máa lu ihò sára jọ́ìsì fún wáyà iná láìba igi jẹ́

Tí ẹ bá ń fa wáyà iná gba abẹ́ ilẹ̀ pákó tàbí òkè síìlìn, bó pẹ́ bó yá igi máa dínà. Àwọn igi gígùn tí wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn láti ògiri kan dé ìkejì, tí pákó ilẹ̀ wá wà lórí wọn, àwọn ni káfíńtà ń pè ní jọ́ìsì. Àwọn ló gbé ẹni tó ń rìn lókè, wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì, wọ́n gbé gbogbo ẹrù inú yàrá, àwọn kan náà ló tún di síìlìn ìsàlẹ̀ mú. Kì í ṣe igi téèyàn kàn ń lu níbi tó bá wù ú.

Lílu ihò yẹn fúnra ẹ̀ ò ju ìṣẹ́jú kan lọ, ibi tí ẹ máa lu ún sí gan-an ni iṣẹ́ wà. Tépù àti pẹ́ńsùlù ló yẹ kó pẹ́ lọ́wọ́ yín ju dírìlì lọ. Àwọn tó máa ń ba igi jẹ́ kì í ṣe torí pé wọn ò mọ dírìlì lò o, dírìlì ni wọ́n kọ́kọ́ gbé, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wọ́.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ṣé ihò yìí tiẹ̀ pọn dandan?

Ẹ kọ́kọ́ wo ọ̀nà tí wáyà fẹ́ gbà. Tí wáyà bá lè bá jọ́ìsì rìn lọ ní gígùn, tí ẹ kàn máa fi kílíìpù mú un mọ́ ẹ̀gbẹ́ igi láàárín gíga ẹ̀, kò sí ìdí láti lu nǹkan kan. Nígbà míì ẹni tó ń ṣiṣẹ́ máa fẹ́ gba ọ̀nà tààrà kọjá jọ́ìsì mẹ́jọ mẹ́sàn-án torí kó lè dín wáyà kù, nígbà tó jẹ́ pé tó bá bá igi rìn dé ògiri, kó gba ara ògiri lọ, kó tún bá igi míì padà, kò ní lu ju ẹyọ kan tàbí méjì lọ. Wáyà á gùn sí i lóòótọ́, àmọ́ mo máa ń fara mọ́ èyí. Mítà wáyà mélòó kan ò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi mẹ́sàn-án tí wọ́n dá lu. Kìkì pé tí ọ̀nà bá gùn gan-an, kí oníná ṣírò bóyá wáyà yẹn ṣì nípọn tó fún iná tó máa gbé.

Ẹ tún wò ó bóyá ihò ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ilé tó bá ti pẹ́ díẹ̀, wọ́n á ti lu ún rí. Tí ihò àtijọ́ bá wà níbi tó dáa tí àyè sì ṣì wà nínú ẹ̀, ẹ gba ibẹ̀, ẹ má wulẹ̀ lu tuntun.

Àwọn igi tí ẹ ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn

Gbogbo ohun tí mo máa sọ nísàlẹ̀, igi gidi tí wọ́n là láti ara ìtì ni mo ń bá wí, igi kan ṣoṣo látòkè délẹ̀. Àwọn míì wà tó jọ ọ́ tí òfin tiwọn yàtọ̀ pátápátá.

Tí ẹ bá gòkè síìlìn tí ẹ bá rí àwọn igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n so pọ̀ ní onígun mẹ́ta mẹ́ta, tí awo irin eléyín gbá wọn mọ́ra níbi tí wọ́n ti pàdé, tírọ́ọ̀sì nìyẹn. Ẹ má lu ún. Kódà kó jẹ́ ihò kékeré, ẹ má lu ún láìjẹ́ pé ẹnjiníà tó mọ̀ nípa ẹ̀ ló ní kí ẹ lu ún, torí igi kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ ni wọ́n ti ṣírò bó ṣe máa gbé ẹrù, kò sí àfikún kankan lára ẹ̀ tí ẹ lè ti gé nǹkan kúrò. Wáyà lè gba àárín wọn kọjá láìlu nǹkan.

Èyí tó jọ lẹ́tà I, tí igi tó nípọn wà lókè àti nísàlẹ̀ tí pákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì dúró láàárín, ilé iṣẹ́ tó ṣe é máa ń ní ìwé kan tó sọ ibi tí ihò lè wà àti bó ṣe lè tóbi tó. Àárín pákó tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn nìkan ni wọ́n máa ń gbà láyè, ọ̀pọ̀ ìgbà wọ́n á ti sàmì ihò roboto síbẹ̀ tẹ́lẹ̀ tó jẹ́ pé ẹ kàn máa fi òòlù gbá a yọ ni. Igi tó nípọn lókè àti nísàlẹ̀ yẹn, ẹ ò gbọ́dọ̀ ké e, ẹ ò gbọ́dọ̀ lu ún, kò sí àlàyé nínú ìyẹn. Irú kan tún wà tí àárín ẹ̀ jẹ́ irin tó ṣí sílẹ̀, ìyẹn dáa fún oníná, wáyà á kàn gba ojú irin kọjá ni. Èyí tí wọ́n fi gúlúù lẹ igi pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ pọ̀ ṣe, ìwé ilé iṣẹ́ náà ni kí ẹ bi.

Lára igi gidi náà, ẹ ṣọ́ra fún èyí tí wọ́n so méjì tàbí mẹ́ta pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò àtẹ̀gùn, torí ó ń gbé ẹrù àwọn jọ́ìsì míì tí wọ́n gé kúrú. Ẹ ṣọ́ra fún èyí tó yọ jáde kọjá ògiri láti gbé bákónì, agbára tó wà lára ẹ̀ ti yí padà, òkè ló ń nà dípò ìsàlẹ̀. Igi tó ti sán, tó ti jẹrà, tí ikán ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ, ẹ fi sílẹ̀, kí káfíńtà kọ́kọ́ wá wò ó.

Ìdí tó fi jẹ́ àárín igi

Ẹ fojú inú wo tìmùtìmù fóòmù tó gùn, ẹ gbé e lé orí àga méjì kí ẹ wá tẹ̀ ẹ́ láàárín. Òkè á fún pọ̀, á wú, ìsàlẹ̀ á nà. Àmọ́ ìlà kan wà láàárín gíga ẹ̀ tí kò fún pọ̀ tí kò sì nà. Jọ́ìsì náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìgbà téèyàn bá rìn lórí ẹ̀, ojú wa ni ò rí i. Òkè àti ìsàlẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù, ìlà àárín ń sinmi. Ihò tó bá wà lórí ìlà àárín yẹn, igi ò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n lára. Ihò kan náà, tí ẹ bá sún un wá sísàlẹ̀ títí ó fi kù díẹ̀ kó kan etí, ẹ ti gé okùn tó ń na igi yẹn nìyẹn.

Ìdí kan náà ló fà á tí mi ò fi nífẹ̀ẹ́ kí wọ́n máa ké etí igi lókè kí wọ́n wá tẹ́ wáyà sínú ẹ̀. Ó yá lóòótọ́, wáyà kàn máa bọ́ sínú ẹ̀ láti òkè, kò sí fífà kankan. Ṣùgbọ́n ẹ ti dín gíga igi kù níbẹ̀, ẹ sì tún ti gbé wáyà sábẹ́ pákó gan-an níbi tí ìṣó àti síkúrù ti máa wọlé tààrà. Ẹni tó bá wá kan pákó padà lọ́dún mẹ́wàá sí i ò ní mọ̀ pé wáyà wà níbẹ̀. Fún wáyà iná, ihò ni mo máa ń sọ pé kí wọ́n lu. Kí púlọ́ńbà tó ní páìpù tí kò ṣeé tẹ̀ máa ké etí igi tiẹ̀, ìyẹn yé mi.

Ìyẹn ti gíga nìyẹn. Ti gígùn náà wà. Àárín gbùngbùn jọ́ìsì, ní ìdajì ọ̀nà sí ògiri méjèèjì, ibẹ̀ ni títẹ̀ ti pọ̀ jù. Ẹ̀gbẹ́ ògiri, níbi tí igi gbé lé, agbára tó fẹ́ gé igi bọ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀, ìyẹn wá burú torí ìlà àárín tí mo ní ó ń sinmi lẹ́ẹ̀kan, níbi ọ̀rọ̀ gígé yìí òun gan-an ló ń jìyà jù. Torí ẹ̀ ni ihò kì í fi wà ní ìdí ògiri, kì í sì í wà ní àárín gbùngbùn.

Ìwọ̀n tí wọ́n ń lò

Ní Brítéènì, òfin tí oníná àti káfíńtà ń tẹ̀lé fún jọ́ìsì tí gíga ẹ̀ ò ju mílímità 250 lọ rọrùn láti há sórí. Ihò gbọ́dọ̀ wà lórí ìlà àárín gíga. Fífẹ̀ ẹ̀ ò gbọ́dọ̀ ju ìdá mẹ́rin gíga igi lọ, ìyẹn 0.25. Ní gígùn, ó gbọ́dọ̀ wà láàárín 0.25 sí 0.4 àlàfo tó wà láàárín ibi méjì tí igi gbé lé, ẹ lè wọ̀n ọ́n láti ẹ̀gbẹ́ èyíkéyìí. Ihò méjì gbọ́dọ̀ jìnnà síra, láti àárín ọ̀kan sí àárín ìkejì, tó ìlọ́po mẹ́ta fífẹ̀ èyí tó tóbi jù. Ẹni tó bá sì fẹ́ ké etí igi, kó ké e láàárín 0.07 sí 0.25 àlàfo, kó má sì jìn ju 0.125 gíga igi lọ, kó sì jìnnà sí ihò tó mílímità 100 ó kéré tán.

Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà gidi ṣe é. Jọ́ìsì yín ga ní mílímità 200, àlàfo ẹ̀ jẹ́ mítà 4. Ihò tó tóbi jù tí ẹ lè lu ni mílímità 50, kì í ṣe pé kí ẹ lu 50 o, wáyà iná ilé kì í fẹ́ tóyẹn. Àárín ihò á wà ní mílímità 100 láti òkè. Ní gígùn ẹ máa wọ̀n láti ẹ̀gbẹ́ ògiri, láti mítà 1 dé mítà 1 àti sẹ̀ǹtímità 60, ibẹ̀ ni kí ẹ dúró sí. Ẹ tún lè wọ̀n ọ́n láti ògiri kejì, ohun kan náà ni. Tí ihò yín bá fẹ̀ ní mílímità 20, èyí tó tẹ̀ lé e gbọ́dọ̀ jìnnà sí i ní mílímità 60 láti àárín sí àárín.

Ní Amẹ́ríkà òfin ilé gbígbé wọn gbà kí ihò fẹ̀ dé ìdá mẹ́ta gíga igi, kò sì dá ibi kan sọ́tọ̀ ní gígùn, àmọ́ ihò ò gbọ́dọ̀ sún mọ́ òkè tàbí ìsàlẹ̀ igi ju ìǹsì 2 lọ, bẹ́ẹ̀ náà ni kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ihò míì tàbí ibi tí wọ́n ké. Ẹ rí i pé ti Brítéènì le ju tiwọn lọ lórí fífẹ̀ ihò àti ibi tó lè wà ní gígùn. Tí ẹ bá wà níbi tó ní òfin tiẹ̀, tiẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀lé. Tí kò bá sí, èmi máa lo ti Brítéènì, torí ó le jù lórí ohun méjèèjì yẹn.

Ti ìṣó tún wà lọ́tọ̀. Ìyẹn kì í ṣe nítorí agbára igi, nítorí wáyà ni. Ní Brítéènì wáyà tó bá gba inú jọ́ìsì kọjá gbọ́dọ̀ jìnnà sí òkè igi tàbí ìsàlẹ̀ ẹ̀ tó mílímità 50, kí ìṣó tàbí síkúrù pákó má baà dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, àfi tí wáyà bá ní irin ààbò. Ní Amẹ́ríkà, etí ihò gbọ́dọ̀ jìnnà sí etí igi tó sún mọ́ ọn jù ní ìǹsì kan àti ìdá mẹ́rin, tí kò bá tó bẹ́ẹ̀ wọ́n máa ń kan awo irin tó nípọn bí ìdá mẹ́rìndínlógún ìǹsì sójú igi níbẹ̀.

Àwọn tó ní jọ́ìsì kékeré, ẹ gbọ́ o. Tí igi bá ga ní mílímità 100 péré, ìlà àárín ẹ̀ wà ní 50 gẹ́lẹ́, ihò tí ẹ bá lu, bó ti wù kó kéré tó, wáyà inú ẹ̀ máa sún mọ́ etí igi ju 50 lọ. Ẹ ò lè bọ́ nínú ẹ̀, ẹ máa nílò awo irin tàbí wáyà onírin ààbò níbẹ̀. Ẹ má sọ pé torí pé ó wà láàárín, ó ti dáa.

Ìgbésẹ̀ kejì: pa iná, kí ẹ sì wádìí pé ó ti kú

Ẹ pa iná láti swíìṣì ńlá tàbí kí ẹ yọ fíúùsì àgbègbè tí ẹ fẹ́ ṣiṣẹ́, kí ẹ sì ṣe é débi tẹ́lòmíì ò ti ní ṣèèṣì tàn án padà. Tẹ́sítà tí ẹ fẹ́ fi wádìí, ẹ kọ́kọ́ dán an wò níbi tí ẹ mọ̀ dájú pé iná wà, kí ẹ wá fi kan ibi tí ẹ pa, lẹ́yìn náà kí ẹ tún dá a padà síbi tí iná wà láti mọ̀ pé kò tíì bàjẹ́ lágbedeméjì. Tẹ́sítà tó ti kú àti wáyà tó ti kú, nǹkan kan náà ni wọ́n máa fi hàn yín.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ṣí pákó, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú àlàfo, kì í ṣe ibi tí ẹ fẹ́ lu nìkan o, ẹ̀yìn igi yẹn gan-an. Èyí ni ọ̀pọ̀ máa ń fojú fò. Wọ́n á yẹ ọwọ́ ibí wò, kò sí nǹkan, wọ́n á lu, bíìtì, ìyẹn irin tó ń yí lẹ́nu dírìlì, á sì yọ lódìkejì, á lọ kan páìpù omi, tàbí páìpù gáàsì, tàbí wáyà àtijọ́ tí wọ́n so mọ́ ẹ̀yìn igi. Níbi tí ojú ò bá dé, ẹ ti ọwọ́ dé ibẹ̀ tàbí kí ẹ fi fóònù ya fọ́tò ẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń wá wáyà àti irin lára ògiri náà wúlò, ṣùgbọ́n ẹ má gbára lé òun nìkan, pàápàá fún páìpù oníke tí kò sí omi nínú ẹ̀.

Bó bá jẹ́ ilé àtijọ́, ẹ wo nǹkan tó wà lórí síìlìn. Àwọn síìlìn kan láyé ọjọ́un ní asbestos nínú, ohun tí eruku ẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Tí ẹ bá fura, ẹ má lu nǹkan kan, ẹ má gbá a, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n wá yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìgbésẹ̀ kẹta: irinṣẹ́

Ìṣòro kan wà tí ẹ máa bá pàdé kíákíá: àlàfo tó wà láàárín jọ́ìsì kan àti ìkejì sábà máa ń wà ní nǹkan bíi mílímità 400 láti àárín sí àárín, nígbà míì 450 tàbí 600. Dírìlì lásán pẹ̀lú bíìtì gígùn ò ní wọ ibẹ̀ dúró tààrà. Ohun táwọn kan máa wá ṣe ni pé wọ́n á tẹ dírìlì sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á lu ihò ní ìdagun. Ihò ìdagun ò dáa. Ó wọlé láàárín, ó sì jáde sítòsí etí, ó fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, wáyà náà á máa fi ara gbo etí ihò tó mú nígbà tí ẹ bá ń fà á.

Dírìlì tí orí ẹ̀ tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ló wà fún iṣẹ́ yìí. Tí ẹ ò bá ní, ẹ lo dírìlì bátìrì tí ara ẹ̀ kúrú pẹ̀lú bíìtì tó kúrú, ó máa ń wọlé.

Bíìtì méjì ló wọ́pọ̀. Bíìtì pẹlẹbẹ rọrùn, ó yára, kò wọ́n, ó dáa fún ihò bíi mílímità 16 sí 25, àmọ́ ó máa ń ya igi lẹ́yìn tó bá fẹ́ jáde. Bíìtì auger ni èyí tó lọ́ pọ̀, tó ní síkúrù kékeré lẹ́nu, síkúrù yẹn ló ń fa ara ẹ̀ wọnú igi, ẹ ò ní láti tì í. Ihò ẹ̀ mọ́. Àmọ́ torí pé ó ń fa ara ẹ̀ wọlé, tó bá pàdé ìṣó tàbí kókó igi, kò ní dúró, dírìlì ló máa yí, á sì yí ọwọ́ yín dání. Ẹni tó bá ń lo auger pẹ̀lú dírìlì alágbára gbọ́dọ̀ lo ọwọ́ ìkejì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírìlì yẹn.

Fífẹ̀ ihò: kí wáyà lè kọjá láìjà. Wáyà tó ń lọ sí sọ́kẹ́ẹ̀tì nínú ilé, èyí tó pẹlẹbẹ, fẹ̀ bíi mílímità 10. Ihò mílímità 16 gba ẹyọ kan dáadáa, 20 sí 22 gba méjì. Ẹ má kó wáyà márùn-ún sínú ihò kan ṣoṣo. Wáyà tó bá ń gbé iná ń gbóná, tí wọ́n bá fún mọ́ra ooru ò ríbi gbà jáde, ó sì burú sí i tó bá tún gba inú òwú tí wọ́n fi ń dí ooru kọjá. Ẹ lu ihò méjì kéékèèké, kí ẹ sì tẹ̀lé ìwọ̀n tó yẹ kó wà láàárín wọn.

Ẹ wọ gílásì ààbò ojú. Tí ẹ bá ń lu láti ìsàlẹ̀ síìlìn, gbogbo lẹ́búlẹ́bú igi yẹn ojú yín ló ń bọ̀. Ẹ wọ ìbòmú tó dáa, kì í ṣe èyí tẹ́ẹ́rẹ́ lásán, àjọ IARC tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ti ka lẹ́búlẹ́bú igi mọ́ ohun tó ń fa àrùn jẹjẹrẹ. Ìbọ̀wọ́ tó tóbi jù, ṣéènì ọrùn, apá aṣọ tó ń fò, irun gígùn tí ẹ ò dì, kò gbọ́dọ̀ sí ìkankan nítòsí ohun tó ń yí.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: sàmì

Ẹ wọn gíga jọ́ìsì, kì í ṣe nípa wíwò. Ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ pín in sí méjì, ẹ sàmì. Ẹ wọn àlàfo náà láti ògiri dé ògiri, ẹ fi 0.25 àti 0.4 ṣírò, ẹ fi pẹ́ńsùlù fa ìlà méjì sára igi kí ẹ mọ̀ pé inú ibẹ̀ ni ẹ lè lu, òde ibẹ̀ rárá. Tí igi bá tiẹ̀ ní kókó nínú ìlà yẹn, ẹ sún díẹ̀.

Lẹ́yìn náà ẹ na okùn tí wọ́n fi ẹfun pa láti jọ́ìsì àkọ́kọ́ dé èyí tó kẹ́yìn, tàbí kí ẹ lo ìmọ́lẹ̀ lésà tí ẹ bá ní, kí gbogbo ihò lè wà lórí ìlà kan. Ìyẹn kì í ṣe fún ẹwà. Ihò tí kò bá tò mọ́ra, wáyà á máa há níbi kọ̀ọ̀kan, ẹ̀yin náà á wá máa fi agbára fà á, ara wáyà á bó. Ẹ fi ìṣó kékeré tàbí bíìtì tín-ín-rín gún ojú àmì kọ̀ọ̀kan kí bíìtì ńlá má baà yọ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: lu

Ẹ ò gbọ́dọ̀ dúró tàbí kúnlẹ̀ láàárín jọ́ìsì méjì. Síìlìn tó wà nísàlẹ̀ ò lè gbé yín, ẹ máa já lọ sí yàrá ìsàlẹ̀. Ẹ gbé pákó tó nípọn gba orí jọ́ìsì méjì tàbí mẹ́ta, orí ẹ̀ ni kí ẹ kúnlẹ̀ sí. Bó bá jẹ́ láti ìsàlẹ̀ ni ẹ ti ń lu, àkàbà tó dúró dáadáa, kí ara yín má sì nà kọjá ẹ̀gbẹ́ àkàbà.

Ẹ yọ bátìrì kí ẹ tó pààrọ̀ bíìtì. Ẹ gbé ẹnu bíìtì lé àmì, ẹ wò ó bóyá ó dúró ní tààrà lọ́nà méjèèjì, òkè sí ìsàlẹ̀ àti ọ̀tún sí òsì. Ẹ bẹ̀rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, kí ó ti wọ igi kí ẹ tó fún un ní agbára. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì mú un, kí ẹ gbé ara yín sílẹ̀ lọ́nà tó jẹ́ pé tí dírìlì bá yí lójijì, kò ní fi ọwọ́ yín gbá igi kejì. Ẹ má ti bọ́tìnnì títẹ̀ yẹn pa síbi tí á fi máa ṣiṣẹ́ láìtẹ̀ ẹ́. Tí ó bá há, ẹ tú ọwọ́ kúrò lórí bọ́tìnnì lọ́gán, ẹ yí i padà sẹ́yìn, ẹ wo ohun tó dá a dúró. Ẹ má gbìyànjú láti fi agbára bọ́ lọ́wọ́ ìṣó.

Ẹ máa yọ bíìtì jáde lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí lẹ́búlẹ́bú lè jáde. Tí igi bá ń rùn bí ẹni pé ó ń jóná, bíìtì ti kú nìyẹn, ẹ pààrọ̀ ẹ̀. Tí ẹ bá rí i pé ẹnu bíìtì pẹlẹbẹ ti yọ sí òdìkejì, ẹ dúró, ẹ lọ sí òdìkejì, ẹ fi ojú ihò kékeré yẹn lu ú wá láti ibẹ̀. Igi ò ní ya lẹ́yìn.

Ẹ fi ìka yẹ etí ihò wò, ẹ fi pépà líle họ ibi tó bá mú.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: fa wáyà

Ẹni kan máa ti wáyà láti ibí, ẹnì kejì máa fà á lọ́hùn-ún, ìyẹn ló dáa jù. Ẹni tó dá wà lè fà á díẹ̀díẹ̀ láti jọ́ìsì kan sí ìkejì. Ẹ má jẹ́ kó lọ́, ẹ má jẹ́ kó ká gírígírí níbi tó bá fẹ́ yà, ẹ sì jẹ́ kó rọ̀ díẹ̀, kó má nà bí okùn gìtá. Ẹ jìnnà sí páìpù omi gbígbóná. Wáyà íntánẹ́ẹ̀tì àti ti tẹlifísọ̀n, ihò tiwọn lọ́tọ̀, ẹ má kó wọn pọ̀ mọ́ ti iná.

Tí ilẹ̀ yẹn bá wà láàárín ilé ẹnì kan àti ti ẹlòmíì, tàbí tó jẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ní kó dá iná tó ń jó ilé dúró fún àkókò kan, ihò tó bá já sí yàrá kejì gbọ́dọ̀ ní nǹkan tó ń dá iná dúró tí wọ́n fi dí i yí wáyà ká. Síso wáyà mọ́ àpótí fíúùsì fúnra ẹ̀, ẹ fi lé oníná tó ní ìwé àṣẹ lọ́wọ́, ọ̀pọ̀ ìlú ló ti fi òfin mú ìyẹn.

Tí ihò bá ti bàjẹ́ ńkọ́?

Nígbà míì ẹ máa ṣí pákó, ẹ máa rí i pé ẹni tó ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti lu ihò ńlá síbi tí kò yẹ, tàbí ó ti gé ìdajì igi kúrò fún páìpù. Ẹ má fi gúlúù tàbí pákó kékeré dí i kí ẹ máa lọ, kò mú agbára kankan padà wá. Ohun tí wọ́n sábà máa ń ṣe ni pé wọ́n á gbé igi tuntun tó ga bákan náà tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á so méjèèjì pọ̀ pẹ̀lú bóòtì, kí tuntun lè gbé ẹrù níbi tí ti àtijọ́ ti rẹ̀. Bó ṣe máa gùn tó, iye bóòtì tó máa wọ̀ ọ́, ẹnjiníà ni kó sọ ọ́. Tí ilẹ̀ bá ń mì tàbí tó ti rọ̀ sísàlẹ̀, ẹ gbé ẹrù kúrò lórí ẹ̀ kí ẹnjiníà tó dé.

Kí ẹ tó dá pákó padà

Ẹ ya fọ́tò gbogbo ọ̀nà tí wáyà gbà, pẹ̀lú tépù nínú fọ́tò kí ìwọ̀n hàn. Ẹ fi máàkà fa ìlà sórí pákó níbi tí wáyà gbà kọjá nísàlẹ̀, ẹ̀yin tàbí ẹni tó bá ra ilé náà lọ́jọ́ iwájú máa rí i. Síkúrù dáa ju ìṣó lọ, torí ẹ máa lè ṣí i padà láìya pákó. Ẹ wo gígùn ẹ̀ o: pákó tó nípọn ní mílímità 22 pẹ̀lú wáyà tó wà ní mílímità 50 sísàlẹ̀ òkè igi, àpapọ̀ 72 nìyẹn, síkúrù mílímità 50 ò ní dé ọ̀dọ̀ wáyà, ti 75 á dé. Níbi tí ẹ kan awo irin sí, ẹ fi síkúrù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ẹ má fi sórí ẹ̀.